Moríyọ̀ Àti Omi Inú Àgbá: Ìgbésí Ayé Ìyáàfin Moríyọ̀ Fádípẹ̀, Ọmọ Ọláwuyì (1963–2025)

Ìlá-Ọ̀ràngún ni ilé rẹ̀, ní agboolé Ọláwuyì. Níbẹ̀ ni Ìyá wa, Àdùnní, ti bí i ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1963 fún Bàbá wa, Obed Ọláwuyì, àgbẹ̀ olóko kòkó àti obì, tí oko rẹ̀ wà ní ọ̀nà Òkè-Ìlá. Ọmọ Ọ̀tan Ayégbajú ni Ìyá wa. Bàbá tí ó bí Bàbá wa wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba ìgbàgbọ́ ní àdúgbò wa, iṣẹ́ oko ni ó sì fi tọ́ gbogbo ọmọ rẹ̀. Moríyọ̀ ni ọmọ kejì, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí àwọn òbí wa bí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Gabriel, ni ẹbí ní kí ó kọ ìtàn yìí. Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn, a bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin. Ohun tí obìnrin yìí ṣe fún àwọn ọmọ agboolé wa kì í ṣe ohun tí a lè sọ ní gbólóhùn méjì kí a sì jókòó.

Ní ọdún 1967, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀. Bàbá wa mọ ọkọ̀ wà, wọ́n sì gbà á láti máa wa lọ́rì tí ó ń kó oúnjẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń jà. Ó lé ní ọdún méjì tí a kò fi mọ̀ bóyá ó wà láàyè. Ìyá wa kò gbà kí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀ bí ẹni tí ó ti lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, ọkọ̀ kan sọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà agboolé. Ó ti gbẹ, ó ti dúdú, kò sì mú ohunkóhun bọ̀ ju àgbá irin ńlá kan lọ, irú èyí tí àwọn ará ọjà ń pè ní dúróòmù.

Ó ní ibùdó kan tí wọ́n ti tú ká ni òun ti rí i, tí wọ́n ní kí àwọn awakọ̀ mú ohun tí ó bá wù wọ́n níbẹ̀. Ó béèrè ohun tí ó ti wà nínú rẹ̀. Ẹnìkan dá a lóhùn pé oògùn tí wọ́n ń fọ́n sí igbó àti sí kòkòrò nígbà ogun ni, pé ó sì ti tán. A kò mọ ẹni tí ó ni ibùdó náà, a kò mọ orúkọ oògùn náà, a kò sì ní fi ẹ̀bi rẹ̀ kan ẹnikẹ́ni lónìí. Àwọn obìnrin ilé fi eérú fọ àgbá náà. Wọ́n fi iyanrìn odò fọ̀ ọ́. Wọ́n kó igi gbígbẹ sínú rẹ̀, wọ́n dáná sí i. Ṣùgbọ́n ohun dúdú kan bí ọ̀dà lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, kò sì ṣí. Bàbá wa po sìmẹ́ńtì, ó dà á lé e lórí, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ó sì gbé àgbá náà sí abẹ́ etí òrùlé páànù kí ó máa gba omi òjò.

Gbogbo ẹni tí ó bá dàgbà ní ìhà tiwa mọ iyì omi òjò lọ́dọ̀ abiyamọ. Òun ni a fi ń wẹ ìkókó, òun náà ni a fi ń rẹ àgbo rẹ̀. Wàhálà rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: bí ó bá ti jókòó sínú ìkòkò fún ìgbà díẹ̀, tanwíji á bẹ̀rẹ̀ sí í jó nínú rẹ̀, ìyá ọmọ á sì máa fi aṣọ sẹ́ ẹ. Nínú àgbá Bàbá wa, tanwíji kò jó rí. Omi náà á mọ́ gaara, á sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi wọlé.

Èyí ni ó jẹ́ ìyanu fún gbogbo ènìyàn. Ìyá wa á ṣí ìdérí rẹ̀ fún àlejò, á ní, “Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ bá mi wá tanwíji kan ṣoṣo níbẹ̀.” Àlejò á tẹ orí ba, á wò ó títí, á ní, “Ìyá Gabriel, omi yín yìí mọ́ ju ọkàn àwa ará ìjọ lọ!” Wọn á rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ ìkórè, Bàbá wa gbé ìkòkò omi náà kan lọ sí iwájú pẹpẹ. Láti ìgbà náà ni Ìyá wa ti ṣí àgbá náà sílẹ̀ fún gbogbo abiyamọ agboolé wa. Ẹni tí ó bá ti bímọ, àgbá wa ni yóò ti pọn omi ìkókó rẹ̀. Ọkàn rere ni ó fi ṣe é. A fẹ́ kí èyí yé gbogbo ẹni tí ó ń ka ìwé yìí.

Ní ọdún 1971, Ìyá wa bí Jóṣúà. Inú omi yẹn ni a ti wẹ̀ ẹ́, láti ọjọ́ tí ó ti dé ayé. Kò tíì pé ọdún kan tí gìrì fi ń mú un, lẹ́yìn náà ó di warápá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, kò sì rìn títí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń sáré. Kì í ṣe òun nìkan. Àwọn ọmọ tí a bí sí agboolé wa ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, òmíràn ní egbò tí kò jiná, òmíràn kò gbọ́ràn, àwọn kan kò sì dúró rárá. Ní agboolé tí ó kángun sí tiwa, tí wọ́n ń pọn omi odò, àwọn ọmọ ń ṣeré. Àwọn ènìyàn wo èyí, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ayé nínú. Mobọ́lájí, ìyàwó Tìjání tí ó jẹ́ àbúrò Bàbá wa, ni wọ́n nawọ́ sí, nítorí òun ni àwọn ọmọ rẹ̀ kú jù. Wọ́n pè é ní àjẹ́ lójúkojú. Wọ́n lé e padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní ìlú Ire.

Moríyọ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìlá ní ọdún 1969, ó sì jáde ní 1975. Ó lọ sí ilé ìwé mọ́dà, èyí tí ó tẹ̀lé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tí ó tó àkókò kí Jóṣúà náà lọ sí ilé ìwé, wọ́n ní ẹni tí kò lè rìn, kí ni yóò máa wá lọ síbẹ̀. Moríyọ̀ pọ̀n ọ́n. Ní òròòwúrọ̀ á gbé e sí ẹ̀yìn, á gbé e dé kíláàsì, á wá yí padà lọ sí ilé ìwé tirẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé á máa kọrin bú u pé ó bímọ kí ó tó lọ́kọ. Jóṣúà á yọ ojú lẹ́yìn rẹ̀, á dá wọn lóhùn pé, “Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹsẹ̀ rìn, ta ló gbé yín rí?” Ọmọ náà kì í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ láti kékeré.

Ní ọdún 1978, ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Nígbà tí ó ń padà síbẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi kan ní ọdún 1980, Ìyá wa bu omi àgbá kún kẹ́ẹ̀gì kan fún un, ó ní kí ó máa rí omi tí ó mọ́ mu ní ilẹ̀ àjèjì. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, olùkọ́ wọn ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kó tanwíji sínú ìgò omi kí wọ́n lè rí bí ó ti ń di ẹ̀fọn. Ti àwọn tí ó kù di ẹ̀fọn. Ti Moríyọ̀ ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. “Ẹ̀yin ará Ìlá, ẹ kúkú máa tà á fún wa, kí a lè rí oorun sùn!” Olùkọ́ ní ó ní láti jẹ́ pé ọṣẹ wà nínú ìgò náà. Moríyọ̀ fọ ìgò náà, ó kó tanwíji mìíràn sí i. Wọ́n tún kú. Ó bu omi kọ́lẹ́ẹ̀jì sínú ìgò kan náà, ó kó òmíràn sí i, ìyẹn sì yè. Nígbà náà ni ó wá yé e pé ohun tí gbogbo wa fi ń yangàn láti ọdún mẹ́wàá ni ó wà níwájú òun yìí. Ó sọ fún wa lẹ́yìn ìgbà náà pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó wọ òun lọ́kàn, pé òun kò sì lè gbé oúnjẹ mì: bí omi bá ń pa tanwíji, kí ni ó ń ṣe fún ìkókó?

Kò dúró de ìsinmi. Ó gba àyè, ó wá sí ilé, ó sì sọ fún Bàbá wa. A wà níbẹ̀. Bàbá wa gbọ́ ọ dé òpin, ó ní, “Mo la ogun já, ọta kò bà mí, ebi kò pa mí. Ohun kan ṣoṣo tí mo mú bọ̀ fún ilé mi, ìwọ ni ó wá ń pè é ní ikú?” Moríyọ̀ kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, kì í ṣe ẹ̀yin ni mo pè bẹ́ẹ̀. Omi náà ni.” Bàbá wa dìde, ó bọ́ sí ìta.

Àfi bí ẹni pé Ọlọ́run ni ó ṣètò rẹ̀, ìyàwó kan ní agboolé bímọ ní ọjọ́ kejì. Àwọn obìnrin gbé ìkòkò, wọ́n ń bọ̀ wá pọn omi ìkókó. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún yìí gun orí àgbá náà, ó jókòó sórí ìdérí rẹ̀, ó sì ní kò sí ẹni tí yóò ṣí i. Agboolé gbóná. “Sọ̀kalẹ̀, ìwọ ọmọ yìí!” “Ìwé ti dà á lórí rú.” “Tanwíji ha ni ìyekan rẹ, tí o fi ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀?” Ìyá wa fúnra rẹ̀ fi ẹ̀kún bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má dójú ti òun. Ó ní, “Ìyá mi, ẹ dákun. Ẹ lù mí bí ẹ bá fẹ́. Ọmọ tuntun yìí kò ní wẹ̀ nínú rẹ̀.” Òjò ń ṣú. Kò sọ̀kalẹ̀.

Nígbà tí ariwo pọ̀, olórí agboolé, Bàbá Àgbà, jáde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó ní kí olúkúlùkù dákẹ́. Ó bi Moríyọ̀ pé, “O ní o mọ̀ ọ́n. Kí ni àwa tí a kò kàwé yóò fi mọ̀ ọ́n?” Moríyọ̀ ní kí wọ́n gbé abọ́ tánganran mẹ́ta wá, kí a bu omi odò sí ọ̀kan, omi òjò inú ìkòkò sí ọ̀kan, omi àgbá sí ẹ̀kẹta. Ó ní kí àwọn àgbà fúnra wọn kó tanwíji àti ẹja wẹ́wẹ́ láti inú odò sínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí òun má fi ọwọ́ kàn án. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ajere bo àwọn abọ́ náà ní àárín agbo ilé, Bàbá Àgbà sì gbé àga rẹ̀ tì í.

Ní òwúrọ̀, ẹ̀dá inú abọ́ méjì ń lúwẹ̀ẹ́. Nínú abọ́ omi àgbá, ohun gbogbo ti dojú kọ òkè.

Ìyá wa wo abọ́ náà, ó wo Jóṣúà tí ó jókòó ní ẹnu ọ̀nà, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. A kì yóò kọ èyí tí ó kù nípa Ìyá wa sí ìhín. Ó gbé ogún ọdún láyé lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ ìkókó mọ́.

Bàbá wa fọ́ sìmẹ́ńtì ìdí àgbá náà. Ó ti sán láti inú wá, ohun dúdú náà sì ti gba ojú ibẹ̀ yọ. Alágbẹ̀dẹ kan ní kí wọ́n fún òun, òun á fi rọ ọkọ́. Moríyọ̀ ní rárá. Ẹlòmíràn ní kí a sọ ọ́ sódò kí ó máa bá omi lọ. Moríyọ̀ ní, “Àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ odò ńkọ́, wọn kò bímọ ni?” Orí òkè olókùúta kan tí ẹnikẹ́ni kì í dáko sí, tí ó jìnnà sí odò, ni Bàbá wa àti Gabriel yí i lọ. A gbẹ́ ilẹ̀ jìn, a sì rì í mọ́lẹ̀. Nígbà tí a dé ilé, Bàbá wa dúró níwájú ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin tí kì í yin ọmọ lójú ni. Ó ṣí fìlà, ó ní, “O ṣeun, ìyá mi.” Láti ọjọ́ náà títí ó fi kú ní 1994, kò fi orúkọ mìíràn pè é mọ́.

Ohun kan ni Moríyọ̀ tún béèrè: kí a lọ sí Ire. Bàbá Àgbà, Bàbá wa àti Tìjání lọ, pẹ̀lú obì. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú Mobọ́lájí, ìyàwó ilé tí wọ́n ti lé. Mobọ́lájí dá wọn lóhùn. Ó ní, “Ẹ dìde. Àwọn ọmọ mi kò ní dìde, ṣùgbọ́n ẹ̀yin, ẹ dìde.” Kò padà sí ilé ọkọ. Àmọ́ ó ń wá sọ́dọ̀ Moríyọ̀ ní gbogbo ọdún, ó sì wà láàárín wa lónìí, ní ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé. Ẹ̀yin tí ẹ bá rí i, ẹ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ọdún 1983 ni Moríyọ̀ gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ onípò kejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọdún márùndínlógójì ni ó fi ṣe olùkọ́ ní Ìlá, ní Òkè-Ìlá àti ní Ọ̀tan Ayégbajú, tí ó fi fẹ̀yìn tì ní 2018 gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1986, ó ṣe ìgbéyàwó ní ìjọ pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láwọlé Fádípẹ̀, olùkọ́, ọmọ Òkè-Ìlá.

Moríyọ̀ náà ti mu omi àgbá náà fún ọdún mẹ́wàá. Oyún kò dúró lára rẹ̀. Ó ń wálẹ̀, ó ń wálẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń sọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ní ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà náà bá wọn sọ òtítọ́. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ oògùn náà, òun kò lè búra pé oògùn náà ni ó fà á. Ó ní àwọn oògùn kan wà tí wọ́n ń sá pamọ́ sínú ọ̀rá ara ènìyàn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, tí wọ́n lè ti ara ìyá dé ara ọmọ nínú oyún tàbí nínú ọmú. Bóyá tiwa wà lára wọn, tàbí bóyá ó lè ti ara bàbá náà dé ara ọmọ, òun kò mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ìbéèrè kan ti jókòó ti Moríyọ̀, kò sì dìde mọ́: ṣé ó ti kúrò lára wa, tàbí a ó gbé e fún àwọn ọmọ wa?

Ní 1992, Ọlọ́run fún un ní Olúwafọlákẹ́mi, ní 1996 ó fún un ní Ayọ̀mikún. Dókítà ní kí ó fún wọn lọ́mú, pé oore ọmú ju ìfura lọ. Ó fún wọn. Ọkọ rẹ̀ sọ fún wa pé tí ó bá ń fún ọmọ lọ́mú, kì í mú ojú kúrò lára rẹ̀, á máa wo awọ ara rẹ̀, á máa ka ìmí rẹ̀. Àwọn ọmọ méjèèjì dàgbà. Ayọ̀mikún kò gbọ́ràn dáadáa ní etí kan. Kò sí ẹni tí ó lè sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Àwọn ọmọ tí a wẹ̀ nínú omi àgbá kò tún padà sí bí wọn ì bá ti rí. Moríyọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì tan ara rẹ̀ jẹ. Ohun tí ó ṣe ni pé ó kó wọn jọ. Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ ilé ìwé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ á kún fún àwọn tí ilé ìwé kò gbà. Ó kọ́ wọn ní ìwé kíkọ, ìwé kíkà àti ìṣirò. Ẹni tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ó kọ́ ọ ní òsì. Ó wá àwọn ọ̀gá tí ó lè kọ́ wọn níṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá pè wọ́n ní alárùn tàbí àbíkú níwájú rẹ̀, á dá a dúró ní ojú títì, á ní kí ó tọrọ àforíjì. “Ẹgbẹ́ mi ni wọ́n,” á ní. “Omi kan náà ni a jọ mu.” Jóṣúà, tí wọ́n ní kò ní wúlò, di télọ̀ tí ó ń fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó fẹ́ ìyàwó, ó sì bí ọmọbìnrin kan, Bùsọ́lá. Tí àwọn oníbàárà bá ní ó pẹ́ jù, á ní, “Ẹsẹ̀ mi ni kì í yá, kì í ṣe ọwọ́ mi.”

Ó mú iṣẹ́ yìí jáde kúrò ní agboolé wa. Ó ti rí i pé ní ìlú àwọn olóko kòkó, gálọ́ọ̀nù tí oògùn kòkó bá ti tán nínú rẹ̀, epo pupa ni wọ́n ń rọ sínú rẹ̀, tàbí omi mímu. Ọjọ́ ọjà kì í kọjá kí ó má lọ. Ó ní ìṣó gígùn kan àti òòlù nínú àpò rẹ̀. Gálọ́ọ̀nù oògùn tí ó bá rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, á fi èyí tí ó mọ́ pààrọ̀ rẹ̀, á sì dá ti oògùn lu níbẹ̀. Àwọn ọlọ́jà sọ ọ́ ní Tíṣà Adágálọ́ọ̀nùlu. Wọn á máa ké sí ara wọn pé, “Ẹ kó ẹrù yín mọ́ o, Adágálọ́ọ̀nùlu ti sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà!” Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe é. Lónìí, ó ṣòro láti rí irú gálọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ ní ọjà náà. Ènìyàn kan ṣoṣo ni ó ṣe èyí, láìsí agbára ìjọba lẹ́yìn rẹ̀.

Nínú ìjọ, ó kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi láti 1984 títí àìsàn fi dá a dúró. Àwọn kan bínú sí i nígbà kan pé ó ba omi tí a ti fi dúpẹ́ jẹ́. Ó dá wọn lóhùn pé Ọlọ́run tí ó fún òun ní ọkàn láti dúpẹ́ ni ó fún òun ní ojú láti fi wò. Kì í gbàdúrà gígùn. Ó ń gbààwẹ̀ ní ọjọ́ ìbí Jóṣúà lọ́dọọdún, a kò sì bi í ní ìdí.

Ní 2022, kíndìnrín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dáṣẹ́ sílẹ̀. Ó fara da ìtọ́jú, kò sì ráhùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, nígbà tí ó rí i pé òun kò ní pẹ́ mọ́, ó pe ọkọ rẹ̀ àti dókítà, ó sì sọ ohun tí ó fẹ́ fún wọn. Ó ní bí òun bá kú, kí wọ́n tó gbé òun wá sí Ìlá, kí àwọn dókítà la ara òun, kí wọ́n mú nínú ọ̀rá àti kíndìnrín òun, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá oògùn náà ṣì wà níbẹ̀, kí ìbéèrè yẹn lè rí ìdáhùn, kí Bùsọ́lá ọmọ Jóṣúà sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ ọ. Ó sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì ọdún 2025, ní ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta.

Ẹ̀yin ará, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí ní ilẹ̀ wa. A kì í fi ọ̀bẹ kan òkú tiwa. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Fádípẹ̀ gbé iṣẹ́ náà dé ìpàdé ẹbí, ilé dàrú. “Ṣé Moríyọ̀ náà ni wọn yóò tẹ́ sórí tábìlì bí ẹran?” “Ọ̀run wo ni ó fẹ́ gbé ara tí ó ti gé lọ?” Àwọn àgbà tí ó bọ̀wọ̀ fún un jù ni ó kọ̀ jù. Àwa náà kò fẹ́ ẹ. Jóṣúà jẹ́ kí gbogbo wa sọ tiwa tán. Ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó dìde, èyí tí kì í ṣe ohun kékeré fún un. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú. Ẹ̀yìn obìnrin yìí ni mo fi lọ sí ilé ìwé. Bùsọ́lá ọmọ mi ti lóyún báyìí. Ó bi mí léèrè ohun tí yóò bí, n kò sì mọ èsì tí mo lè fún un. Ẹ̀gbọ́n mi Moríyọ̀ ní kí a wá èsì náà lára òun. Ta nínú yín ni yóò wo ojú ọmọ mi kí ó sọ fún un pé rárá?”

Gabriel, tí ó jẹ́ àgbà, ní kí wọ́n ṣe é.

Wọ́n ṣe é pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Wọ́n rán ojú ibi tí wọ́n là dáadáa, wọ́n sì gbé e fún wa. Mobọ́lájí, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, ní òun ni yóò wẹ̀ ẹ́, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́.

A ti rí àwọn akínkanjú ní ayé wa. Bàbá wa la ogun já. Ṣùgbọ́n a jẹ́wọ́ níwájú gbogbo yín pé a kò rí irú èyí rí: ẹni tí ó dáàbò bo àwọn ọmọ nígbà tí òun náà ṣì jẹ́ ọmọ, tí ó sì tún fi òkú ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá, irú ẹ̀rù tí ó ń ba ènìyàn níwájú ohun mímọ́.

Ó fi ọkọ rẹ̀ sáyé lọ, Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láwọlé Fádípẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀, Olúwafọlákẹ́mi, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, àti Ayọ̀mikún, tí ó jẹ́ olùkọ́ bí ìyá rẹ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Tolúwalọpẹ́. Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, Gabriel àti Jóṣúà. Bùsọ́lá, ọmọ àbúrò rẹ̀. Àti gbogbo àwọn tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí ó ní kí a kà mọ́ ẹbí, tí a sì kà wọ́n mọ́ ọn.

Moríyọ̀, èsì tí o béèrè kò tíì dé. Yálà ó dára tàbí kò dára, Bùsọ́lá ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí o ti wí, a kò sì ní fi nǹkan kan pamọ́ fún un. Iṣẹ́ tìrẹ parí, ó kù sí ọwọ́ wa. Kí ilẹ̀ Ìlá gbà ọ́ jẹ́jẹ́, kí Olúwa gbà ọ́ tọwọ́ tẹsẹ̀. Sùn ire, ìyá wa.